Ohun Tí A Pa Tì Tí A Kò Pa Rẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí àwa fúnra wa jókòó rò. Ọ̀dọ́ kan ló bi wá léèrè, ìbéèrè náà sì ju ohun tí a lè dáhùn lójú ẹsẹ̀ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni, lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Àwa mẹ́rin péré la ṣẹ́kù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sáláṣí ní Ìlọrà, à ń ka orúkọ àwọn tí kò tíì dá owó ìṣínu ààwẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tí ń tún fóònù ṣe ní Fìdítì, wá bá wa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wa, kò sì dìde bọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí èèyàn bá gbèrò ohun tí kò dáa, tó tilẹ̀ ti fọwọ́ ṣe é, tó wá pa á tì, tó bò ó mọ́lẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè rí i, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn onítọ̀hún?"

A wo ara wa lójú. Ọ̀kan nínú wa ti ń rò ó sí ọ̀rọ̀ obìnrin, èkejì ti ń rò ó sí owó ẹgbẹ́. Àṣé ọ̀rọ̀ géèmù ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé. Ọmọ yìí kò lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n ó fi kọ̀ǹpútà àlòkù kan kọ́ ara rẹ̀ bí a ti ń ṣe géèmù. Ó ṣe ọ̀kan fún àwọn ọmọ ilé-kéú. Lẹ́tà Lárúbáwá á máa já bọ́ láti òkè, ọmọ á sì máa fi agbọ̀n gbà wọ́n bí wọ́n ti tẹ̀ lé ara wọn. Bí ó bá gba èyí tí kò kàn, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó dára ni, àwọn òbí sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ọmọ tí kì í fẹ́ gbé wàláà rẹ̀ ń bẹ ìyá rẹ̀ nísinsìnyí pé kó yá òun ní fóònù kí òun fi ka lẹ́tà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé, nígbà tó ń ṣe é lọ́wọ́, ó kọ́kọ́ ya aáfà kan sínú rẹ̀: aáfà oníkùn ńlá, tó mú pàṣán lọ́wọ́, tí í máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá ti gba lẹ́tà mẹ́wàá láìṣì, ilẹ̀ á là, aáfà á kó sínú ṣáláńgá, àwọn ọmọ inú géèmù á sì máa rẹ́rìn-ín. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé àdúgbò yẹn, tó bá ti gbọ́ ikọ́ náà, á mọ aáfà tí à ń wí. Òun ló kọ́ ọmọ náà ní kéwú láti ọmọ ọdún mẹ́fà, òun náà ló sì nà án kọjá bó ti yẹ, gẹ́gẹ́ bí ọmọ náà ti wí.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó pín géèmù yìí, ẹ̀rù bà á. Ó ti ọ̀nà tó lọ síbi aáfà pa, ó sì fi géèmù mìíràn tó rọrùn dípò rẹ̀. Kò yọ aáfà kúrò. Ó ní bí òun bá yọ ọ́, iṣẹ́ yòókù á dà rú, nítorí òun ti so wọ́n kọ́ra, ọjọ́ tí òun ṣèlérí sì ti pé. Nígbà tí a tún tẹ̀ ẹ́ nínú díẹ̀ sí i, ó rẹ́rìn-ín ìtìjú, ó ní òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó ń dùn mọ́ òun bí òun ti mọ̀ pé aáfà wà níbẹ̀. Ó fi géèmù náà ránṣẹ́ láti fóònù dé fóònù, fóònù mẹ́tàdínlógún, ní Ìlọrà àti Fìdítì. Ní ọjọ́ tí wọ́n fi han àwọn òbí, aáfà fúnra rẹ̀ ló dìde, tó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, tó ṣàdúà fún un lójú gbogbo èèyàn. Láti ọjọ́ yẹn, oorun kì í kún ojú ọmọ náà mọ́.

Àwọn kan nínú yín á máa sọ pé kí ni ti géèmù nínú ìwé tiwa. Ẹ má yára. Àwọn baba wa jókòó ti ọpọ́n ayò lábẹ́ igi, àwọn ọmọ wa jókòó ti tẹlifíṣọ̀n nínú ṣọ́ọ̀bù tí jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàtọ̀ kan wà tó kàn wá níhìn-ín: ọpọ́n ayò kò ní inú. Ihò méjìlá ni, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, gbogbo rẹ̀ ló wà lójú táyé. Géèmù ní inú, inú rẹ̀ sì jìn ju bí ẹni tí ń ta á ti mọ̀ lọ. Kì í sì í ṣe iṣẹ́ òyìnbó nìkan mọ́. Ní Èkó, láti ọdún 2012 ni ilé iṣẹ́ Maliyo ti ń ṣe géèmù. Ní Yaoundé, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ilé iṣẹ́ Kiro'o Games gbé géèmù ńlá kan tó ń jẹ́ Aurion jáde lọ́dún 2016, tó dá lórí ọba àti ayaba aláwọ̀ dúdú. Ọmọ tiwa náà ti bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá kan ní Fìdítì. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ti wọlé wá bá wa.

Kò sì sí ẹni tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tí kì í pa nǹkan tì. Bí ẹ bá gba ojú ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ kọjá, ẹ ó máa rí ilé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò parí. Igbó ti bo àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ wọn wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni tí kò mọ̀ lè gbá a lóru. Bẹ́ẹ̀ náà ni inú géèmù rí. Èrò tó wu ẹni tó ń ṣe é ní oṣù kìíní lè máà wù ú mọ́ ní oṣù kẹfà. Owó lè tán. Ọ̀gá lè ní òun kò fẹ́. Ohun tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ kì í sábà kúrò pátápátá, wọ́n á kàn dí ọ̀nà rẹ̀ ni.

Ìtàn kan wà tí àwọn tó mọ géèmù kì í gbàgbé. Ọ̀gbẹ́ni Warren Robinett ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ Atari ní California. Nígbà náà, Atari kì í fi orúkọ ẹni tó ṣe géèmù sára rẹ̀. Òun nìkan ló ṣe èyí tí wọ́n pè ní Adventure láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo rẹ̀ kò sì ju ohun tí a lè kọ sójú ewé ìwé méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ó wá fi yàrá ìkọ̀kọ̀ kan sínú rẹ̀. Ẹni tó bá rí àmì kan tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, tí àwọ̀ rẹ̀ sì bá ti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mu, tó bá gbé e lọ síbi tó yẹ, á gba inú ògiri kọjá, á sì bá orúkọ Robinett tí wọ́n kọ gàdàgbà pé òun ló ṣe é. Kò sọ fún ọ̀gá kankan. Ó ti kúrò níbi iṣẹ́ kí wọ́n tó mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan ní ìlú Salt Lake City ló rí i, tó sì kọ lẹ́tà sí Atari lọ́dún 1980. Ilé iṣẹ́ náà rò ó bóyá kí wọ́n pa á rẹ́, wọ́n rí i pé owó ni yóò ná wọn, wọ́n bá fi sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ibẹ̀ fi í wé ẹyin tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì máa ń fi pamọ́ fún ọmọdé nígbà ọdún Àjíǹde, orúkọ náà sì mọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára títí di òní.

Ṣé olè ni ọkùnrin yìí? A jiyàn lórí rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ọ̀kan nínú wa ní olè ni, nítorí ilé iṣẹ́ ló ni ohun tó fi ń ṣiṣẹ́, ó sì lò ó fún ara rẹ̀ láìgbàṣẹ. Àwa yòókù kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Nígbà tí wọ́n ń tún ògiri mọ́sáláṣí kan ṣe ní àgbègbè wa nígbà kan, tí wọ́n ha sìmẹ́ǹtì àtijọ́ kúrò, wọ́n bá orúkọ bíríkìlà kan àti ọdún tó mọ ọ́n nínú rẹ̀, tó fi ọ̀pá kọ ọ́ kó tó rẹ́ ẹ. Ọkùnrin náà ti kú tipẹ́. Kò sẹ́ni tó bínú. Ìmáámù ní kí gbogbo wa ṣàdúà fún un. Ẹni tí kò pa oníbàárà lára, tí kò dín iṣẹ́ kù, tó kàn ní kí ẹnìkan mọ̀ lọ́jọ́ kan pé òun ló ṣe é, ó ṣòro fún wa láti pè é ní olè. Bí wọ́n bá sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sójúde láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ni ì bá fi pamọ́? Ẹni tó gba òógùn alágbàṣe tí kò fún un ní iyì rẹ̀, ó ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò.

Ṣùgbọ́n ti Robinett yàtọ̀ sí ti ọmọ wa. Òun fẹ́ kí wọ́n rí ohun tí òun fi pamọ́. Ọmọ tiwa kò fẹ́. Èyí tó súnmọ́ tirẹ̀ ni ti géèmù kan tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìlú wa mọ̀ bí ẹní mọ owó, Grand Theft Auto: San Andreas, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004. Àwọn tó ṣe é ti kọ́kọ́ ṣe apá kan sínú rẹ̀ tó jẹ́ ìbálòpọ̀ ọkùnrin àti obìnrin. Nígbà tó yá wọ́n rí i pé bí èyí bá wà nínú rẹ̀, àjọ tí ń kọ ọjọ́ orí tó yẹ sára géèmù ní Amẹ́ríkà yóò kà á sí ti àgbàlagbà nìkan, àwọn ilé ìtajà ńlá kò sì ní tà á. Ni wọ́n bá tì í pa. Wọn kò yọ ọ́. Síídì tí wọ́n tà fún gbogbo ayé ní í nínú, bẹ́ẹ̀ ẹni tó rà á kò mọ̀, àjọ tó yẹ̀ ẹ́ wò kò mọ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2005, ará Họ́láńdì kan ṣí ìlẹ̀kùn náà lórí kọ̀ǹpútà, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí gbangba kí gbogbo ayé máa mú un. Ilé iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà kọ́kọ́ sọ pé iṣẹ́ àwọn tó ń já ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn ni, pé ọwọ́ tiwọn mọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹlòmíràn fi rí ohun kan náà nínú síídì ti PlayStation 2, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé àlejò ló gbé e wọlé. Ní oṣù keje, àjọ náà yí ọjọ́ orí padà sí méjìdínlógún sókè, àwọn ilé ìtajà kó o kúrò lórí àtẹ, ilé iṣẹ́ náà sì pàdánù owó ńlá. Láti ìgbà náà, àjọ náà ní kí ẹni tó bá mú géèmù wá máa jẹ́wọ́ èyí tó tì pa pẹ̀lú èyí tó ṣí sílẹ̀.

A ní ọ̀rọ̀ láti bá àwọn òbí sọ níhìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe orí rẹ̀ la wà. Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé ohun tí ẹ rí lójú tẹlifíṣọ̀n kò burú, ẹ rántí pé ìbọn àti olè jíjà tó wà lójú géèmù yẹn gan-an, ẹnikẹ́ni kò tì í pa. Ó ṣe wá ní kàyéfì pé ohun ìkọ̀kọ̀ nìkan ló mú ayé pariwo.

Ẹ jẹ́ ká padà. Àwọn kan lè bi wá pé ará Họ́láńdì yẹn ńkọ́, ṣé kì í ṣe òfintótó ni, èyí tí Ọlọ́hun kọ̀ fún wa? A rò ó. Ìdáhùn wa wà nínú hadisi kan tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ń kọjá lọ́jà, ó bá òkìtì oúnjẹ kan, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ibi tó tutù. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù sókè kí àwọn èèyàn rí i, ó sì sọ pé ẹni tó bá rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara wọn. Ẹ kíyè sí i pé Ànábì ló ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ilé onílé ni a kò gbọ́dọ̀ yọjú wò. Ohun tí a bá ti gbé sórí àtẹ, tí a ti gba owó lé, kì í ṣe ilé onílé mọ́. Àwa ará Fìdítì mọ èyí ju ẹlòmíràn lọ. Ta ni kò mọ̀ pé èso la fi mọ̀ wá lójú ọ̀nà yìí? Ìyá tó bá to ọsàn tó dán sókè agbọ̀n, tó fi èyí tó ti rà sísàlẹ̀, bí oníbàárà bá da agbọ̀n rú kó tó sanwó, kò lè bínú pé ó tú àṣírí òun.

Bẹ́ẹ̀, ìyá ọlọ́sàn lè sọ pé òun kò tilẹ̀ ní í lọ́kàn pé kí ẹnikẹ́ni jẹ ti ìsàlẹ̀, pé òun kàn fi kún agbọ̀n ni. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ wa ń sọ nìyẹn: "Mi ò ní kí wọ́n wò ó." Níbí la ti ní láti wo ọ̀rọ̀ àníyàn.

Ìmáámù Al-Ghazālī, tó kú lọ́dún 1111, fara balẹ̀ tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ nínú ìwé Ihyā’ rẹ̀. Ó ní ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn kí ọwọ́ tó ṣiṣẹ́ pín sí ìpele. Èrò a kọ́kọ́ ṣàdédé wọlé, ọkàn a sì fà sí i. Ọlọ́hun kò fi èyí mú wa, nítorí kò sí lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn náà ni ọkàn á dájọ́ pé ó yẹ ní ṣíṣe, lẹ́yìn èyí ni èèyàn á pinnu. Bó bá pinnu tán tó wá fi sílẹ̀, nígbà náà ni ìbéèrè ńlá dé: kí ló mú un fi sílẹ̀? Bó bá jẹ́ nítorí ìbẹ̀rù Ọlọ́hun, wọ́n á kọ ọ́ sí iṣẹ́ rere fún un, nítorí jíjà tó bá ọkàn ara rẹ̀ jà. Bó bá jẹ́ pé ohun kan ló dí i lọ́wọ́, tàbí pé ó bẹ̀rù èèyàn, kò sí èrè rere nínú rẹ̀, ìpinnu rẹ̀ sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Hadisi àwọn Mùsùlùmí méjì tó fa idà yọ síra wọn wà lára ohun tó tì í lẹ́yìn: wọ́n bi Ànábì pé ẹni tó pa èkejì yé wa, ẹni tí wọ́n pa ńkọ́? Ó ní òun náà ń wá ọ̀nà láti pa ẹnìkejì rẹ̀ ni.

Bí a bá gbé òṣùwọ̀n yìí lé ilé iṣẹ́ tó ṣe San Andreas, kò nira. Wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí ọjà. Ọmọ wa ńkọ́? Òun náà kò sọ pé òun bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ó ní òun bẹ̀rù pé wọ́n á mọ aáfà. Ẹni tó dàgbà jù nínú wa, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti jókòó, wá sọ pé kí á má yára dá ọmọ náà lẹ́bi. Ó ní ìtìjú wà lára ìgbàgbọ́, Ànábì ló sọ ọ́. Ó ní ẹni tí ojú rẹ̀ tì láti fi olùkọ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ayé, ohun kan ló ń dà á láàmú tí òun fúnra rẹ̀ lè máà mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára. A kò rò pé Al-Ghazālī yóò lòdì sí i, nítorí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kú pátápátá kò ní wá bá wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ṣùgbọ́n a sọ fún un pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá ti àníyàn. Ẹni tó gbèrò láti bú èèyàn tí kò bú u, ó ní èrò. Ẹni tó kọ èébú sínú ìwé, tó lẹ ojú ewé náà pọ̀, tó wá pín ìwé náà fún ilé mẹ́tàdínlógún, èyí kì í ṣe èrò mọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó lè ṣí i." A ní ṣé kò sí ọmọ mìíràn ní Fìdítì tó lè kọ́ ohun tí ìwọ náà kọ́? Kò fèsì.

Ìtàn kan tún wà tí a fẹ́ kí ẹ gbọ́, ó sì súnmọ́ wa ju ti Amẹ́ríkà lọ. Toumani Diabaté, ará Bamako ní Mali, ọ̀gá nínú títa kórà, ẹni tó kú ní oṣù keje ọdún 2024, gbé àwo kan jáde lọ́dún 2006 pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Orin kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Tapha Niang. Ilé iṣẹ́ Media Molecule ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú orin yìí sínú géèmù ọmọdé kan, LittleBigPlanet, tí Sony fẹ́ tà lọ́dún 2008. Wọ́n ti tẹ síídì tán, àwọn mìíràn ti dé ilé ìtajà. Mùsùlùmí kan tó ń gbádùn géèmù náà gbọ́ orin, ó sì mọ̀ pé gbólóhùn méjì láti inú Al-Kùránì wà nínú rẹ̀, nípa ikú tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ àti bí gbogbo ohun tó wà lórí ilẹ̀ yóò ti tán. Ó kọ̀wé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò halẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Sony kó síídì padà káàkiri ayé, wọ́n sún ọjọ́ títà síwájú ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì yọ ohùn olórin kúrò, ó ku ohun èlò orin nìkan.

Toumani, tó jẹ́ Mùsùlùmí, sọ pé ní orílẹ̀-èdè òun kò sí ohun tó burú nínú kí olórin mú ìmísí láti inú Al-Kùránì. Àwa Yorùbá ò lè ṣe bí ẹni pé a kò mọ ohun tó ń sọ. Inú orin wéré tí àwọn ajísààrì fi ń jí wa nínú ààwẹ̀ ni fújì ti jáde, ta ni kò sì tíì gbọ́ olórin fújì tó fi ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ṣí eré? Mùsùlùmí kan ní Amẹ́ríkà náà sọ síta pé kò yẹ kí wọ́n yọ orin náà. Nítorí náà a kò fẹ́ dá ẹjọ́ Toumani. Ohun tó mú wa sọ ìtàn yìí ni ìwà àwọn tó ṣe géèmù. Wọn kò ní ohun burúkú lọ́kàn. Èdè ló fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún wọn, wọ́n gbọ́ orin, wọn kò gbọ́ ìtumọ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè fi àníyàn mú wọn. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n mọ̀, wọn kò sọ pé àwọn á dín ohùn rẹ̀ kù kí ó má ta sí etí mọ́. Wọ́n kó o padà nílé ìtajà, wọ́n sì tẹ òmíràn. Ẹni tí kò mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni ẹni tó mọ̀ fẹ́ sọ?

Ọmọ náà gbọ́ títí, ó ní òun á yọ aáfà kúrò, bó tilẹ̀ gba òun ní oṣù méjì láti tún gbogbo rẹ̀ so. Ó wá béèrè èyí tó le jù: "Ṣé kí n lọ jẹ́wọ́ fún aáfà?"

Níbi tí a ti yapa gan-an nìyí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ pé ẹni tó bá ba iyì ẹlòmíràn jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ìdáríjì lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ni. Àwọn mìíràn, Ibn Taymiyyah tó kú lọ́dún 1328 wà lára wọn, sọ pé bí ẹni náà kò bá tíì gbọ́, kí á má lọ fi sọ fún un. Kí á tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún un, kí á sì máa sọ rere rẹ̀ níbi tí a ti sọ búburú rẹ̀, nítorí sísọ fún un yóò dá ọgbẹ́ sí i lára níbi tí ọgbẹ́ kò sí. Ẹni tó dàgbà jù nínú wa fara mọ́ èyí. Ó ní aáfà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ikọ́ tí ọmọ náà fi ṣe yẹ̀yẹ́ kì í ṣe àfarawé mọ́, àìsàn ni. Ẹnìkan nínú wa ní rárá, pé aáfà ti ṣàdúà fún un lórí ohun tí kò mọ inú rẹ̀, kò sì dára kí èèyàn máa jẹ nínú irú àdúà bẹ́ẹ̀. Ó tún sọ ohun tí àwa yòókù kò fẹ́ gbọ́: pé bóyá ó yẹ kí aáfà náà gbọ́ ìdí tí ọmọ kan fi lè ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí i, nítorí pàṣán yẹn ṣì wà nílé-kéú, àwọn ọmọ mìíràn ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

Àwa kò lè sọ pé irọ́ ló pa. A mọ ọmọ tó sá kúrò ní kéwú nítorí nínà, tí kò sì padà mọ́. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ wa bo èyí mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n a rí i pé ẹjọ́ méjì ni. Ẹjọ́ pàṣán jẹ́ ti àwa àgbà, àwa ló yẹ ká lọ bá aáfà jókòó lórí rẹ̀, kì í ṣe ọmọ tó fi ṣáláńgá gbẹ̀san. Ti géèmù jẹ́ ti ọmọ náà. A gbà á nímọ̀ràn pé kó pa á rẹ́ ná, kó gba géèmù àtijọ́ padà lórí fóònù gbogbo, kó máa ṣàdúà fún aáfà, kó sì fi ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ sílẹ̀ títí yóò fi parí iṣẹ́. Bí ó bá parí tí ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀, kó padà wá, ọ̀kan nínú wa á bá a lọ.

Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Géèmù tuntun ti wà, a ti rí i, a tilẹ̀ ní kó ṣí inú rẹ̀ fún wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa kò lè ka ohun tó kọ síbẹ̀. Níbi tí aáfà wà tẹ́lẹ̀, ó fi igi ọsàn kan sí i. Àwa náà ti lọ sílé-kéú lẹ́ẹ̀kan lórí ọ̀rọ̀ pàṣán. Aáfà gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún wa lómi, ó ní òun ti gbọ́. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ó tún padà lọ.

Ní ti fóònù mẹ́tàdínlógún, ọmọ náà ti rí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbà, ó ń ti ilé dé ilé, ó ń sọ fún àwọn ìyá ọmọ pé èyí tuntun dára ju ti àtijọ́ lọ. Ìkan nínú àwọn méjì tó kù wà lọ́wọ́ ìyá kan tó ti kó lọ sí Ìbàdàn, ó sì ti ṣèlérí pé òun á mú un wá tí òun bá ń bọ̀ wá ṣọdún Iléyá. Ìkejì, olówó rẹ̀ ti tà á lọ́jà, kò sì mọ ẹni tó rà á.